Bí A Ṣe Ń Se Oúnjẹ Alẹ́ fún Ẹni Méjì Láti Inú Àwọn Oúnjẹ Tí Ayé Gbà Pé Wọ́n Ń Ru Ìfẹ́ Sókè

Láti ayébáyé ni àwọn èèyàn ti ń wá oúnjẹ tí yóò mú kí ọkàn ẹni méjì túbọ̀ fà mọ́ra. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ka èso pómégíránétì mọ́ ohun tí ó jẹ́ ti Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́ wọn, wọ́n sì ní inú ìfófòó omi òkun ni òrìṣà náà ti jáde, èyí tí ó wà lára ìdí tí ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun òkun, fi lórúkọ nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bernal Díaz del Castillo, ọmọ ogun Sípéènì tí ó bá wọn dé olú ìlú àwọn Aztec ní Mẹ́síkò ní ọdún 1519, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ife wúrà ni wọ́n fi ń gbé ohun mímu kòkó fún ọba Moctezuma, àti pé wọ́n ní ó ń ràn án lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin.

Ní tèmi, mo gbà pé kò sí oúnjẹ tí ó lè dá ìfẹ́ sílẹ̀ níbi tí kò ti sí. Ní ọdún 1989, FDA, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé kò sí ẹ̀rí tí ó fi hàn pé àwọn oògùn arùfẹ́-sókè tí wọ́n ń tà láìgba ìwé dókítà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí oúnjẹ lè ṣe ni pé kí ó fúyẹ́ nínú, kí ó mú ara yá, kí ó sì jẹ́ kí ẹni méjì rí ìdí láti jókòó ti ara wọn pẹ́. Èyí ni mo fi yan ohun mẹ́ta tí ó wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi olólùfẹ́ yín bóyá oúnjẹ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ẹran inú ìkarahun máa ń ṣe ní jàǹbá. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sínú oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí ó mọ̀. Ẹ sì yẹra pátápátá fún lúúlúú kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Spanish fly, nítorí májèlé ni. Ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ti pa èèyàn rí.

Ọ́ísítà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Síńkì, ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú oúnjẹ, pọ̀ nínú rẹ̀, ara sì nílò síńkì láti ṣe testosterone, họ́mọ̀nù tí ó wà lára ohun tí ń ru ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sókè, ṣùgbọ́n jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè yí ìyẹn padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jẹ ẹ́ ní tútù. Èmi kò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn Vibrio lè wà nínú rẹ̀, ó sì léwu gan-an fún ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀dọ̀. Èyí tí ìkarahun rẹ̀ ti là sílẹ̀ tí kò sì padé nígbà tí ẹ kàn án, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ da ìyókù sínú omi tí ó ń hó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n là, kí ẹ sì tún sè wọ́n fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 lẹ́yìn náà. Èyí tí ó bá kọ̀ láti là, ẹ má ṣe jẹ ẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ tí a fún sí i ti tó. Mẹ́ta-mẹ́ta sì tó ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Pómégíránétì ni ó tẹ̀ lé e. Ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fọ́ ọ nínú abọ́ omi. Hóró rẹ̀ yóò rì, awọ funfun inú rẹ̀ yóò sì léfòó. Omi rẹ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ.

Ohun mímu kòkó ni olórí gbogbo rẹ̀, òun ni kò sì yẹ kí ẹ fi ìkánjú ṣe. Ẹ rẹ́ ṣokoléètì dúdú tí kòkó rẹ̀ tó ìdá 70 nínú 100, ìwọ̀n gíráàmù 60, sí wẹ́wẹ́. Ẹ gbé mìlílítà 300 wàrà kaná pẹ̀lú ìwọ̀nba ata gbígbẹ lílọ̀ tí orí ìka méjì lè mú, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìfófòó wẹ́wẹ́. Ẹ da ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sórí ṣokoléètì, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó máa rò ó láti àárín bọ̀ sí etí. Yóò kọ́kọ́ rí ṣákiṣàki bíi pé ó ti bàjẹ́. Ẹ máa rò ó lọ, yóò dán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da wàrà ìyókù sí i, pẹ̀lú oyin ṣíbí kékeré kan. Àwọn Aztec máa ń gbé ohun mímu wọn sókè, wọn a sì dà á láti inú ife kan sí òmíràn títí yóò fi fófòó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Ata inú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ tí èèyàn ń mọ̀ lára: ó máa ń mú kí iṣan ìmọ̀lára inú ẹnu rò pé ohun gbígbóná ti dé, ojú a sì yá, ara a sì móoru. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kan ata, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ara yín tàbí ojú olólùfẹ́ yín.

Ẹ jẹ ọ́ísítà àti èso náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì fi bí ìdajì wákàtí sí i kí ẹ tó gbé kòkó wá. Bí ẹ bá fẹ́ wáìnì, kí ó má kọjá ife kan, nítorí ọtí púpọ̀ a máa mú kí ara rọ. Kòkó tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí ẹ bá rọra gbé e kaná lọ́jọ́ kejì, tí ẹ sì tún dà á láti ife sí ife, yóò tún dára.