Ẹ kọ iye kí ẹ tó kọ kóòdù

Ẹ̀yin ará, bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ áàpù tó yára, ẹ má tíì fọwọ́ kan kóòdù. Ẹ kọ́kọ́ sọ “yára” di iye tí ẹ lè wọ̀n, kí òun náà fọwọ́ sí i. Ká ní ti àwọn tó ń ra kòkó ní Ìdànrè ni: bí wọ́n bá tẹ “Sanwó” nígbà 100, ó kéré tán ìgbà 95 ni èsì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G. (Wi-Fi ọ́fíìsì yín ní Alágbàka kò dé oko kòkó o.) Ẹ má gbára lé ìpíndọ́gba. Bí ẹni 90 bá dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, tí ẹni 10 dúró fún 20, ìpíndọ́gba á jẹ́ 2.9. Lórí ìwé, ẹ ti yege. Ṣùgbọ́n àwọn 10 yẹn ló máa pè yín lóru. Bákan náà ni “kò gbọdọ̀ dákú”: nínú ọjọ́ 30, bí ẹ bá ní áàpù á máa ṣiṣẹ́ fún 99.9% àkókò, ó ṣì lè dákú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 43; bó bá jẹ́ 99%, ó lè dákú fún wákàtí 7 ó lé díẹ̀. Owó wọn kì í ṣe ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí oníbàárà mú èyí tí àpò rẹ̀ gbé. Àmọ́ kò sí aago tó ń wọn bóyá áàpù yé èèyàn. Fún ìyẹn, ẹ gbé fóònù lé oníkòkó kan lọ́wọ́, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tó ti dúró bi yín léèrè sílẹ̀.