Bí a ṣe ń se paksiw, ẹja inú ọtí kíkan ti Fílípíìnì

Ẹja bangus ni ọ̀pọ̀ ará Fílípíìnì fi ń se paksiw. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ gé e sí abala, kí ẹ sì tò ó sórí atalẹ̀ tí ẹ ti rẹ́, aáyù àti hóró ata dúdú, nínú ìkòkò tí kì í ṣe alumíníọ̀mù, nítorí pé ọtí kíkan máa ń jẹ irin bẹ́ẹ̀. Ẹ da ọtí kíkan, omi díẹ̀ àti iyọ̀ sí i, kí ẹ sì gbé e kaná. Ẹ má ṣe rò ó rárá títí yóò fi hó, tí òórùn rẹ̀ tó ń ta nímú yóò sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìgbá àti ata tútù gígùn sí i, kí ó rọra hó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ní tèmi, ti ọjọ́ kejì ló dùn jù, pẹ̀lú ìrẹsì funfun.