Bí mo ṣe rí ojútùú sí descriptor tó kọ̀ láti wọlé

Òru méjì ni mo fi jókòó ti iṣẹ́ yìí nílé wa ní Kubwa, l'Abuja. Mo fẹ́ kí Python ka descriptor (àpèjúwe bí dátà ṣe rí) ti Protobuf, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń di dátà kí ètò kọ̀ǹpútà lè fi ránṣẹ́ síra wọn, kó sì dá message (ẹyọ dátà kan) sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí kóòdù tí protoc, irinṣẹ́ Protobuf tó ń sọ fáìlì .proto di kóòdù, ti ṣe kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi descriptor oja.proto, fáìlì tèmi, sínú DescriptorPool (ibi tí Python ń kó descriptor sí), á ní òun ò rí timestamp.proto, fáìlì tí oja.proto import, ìyẹn tó gbára lé.

Àṣé protoc kì í kó àwọn fáìlì tí a import mọ́ ọn, àfi tí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀! Mo fi --include_imports (kó kó wọn mọ́ ọn) ti --descriptor_set_out (àṣẹ tó ń kọ descriptor sínú fáìlì) lẹ́yìn, mo sì ń fi wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe tò: èyí tí òmíràn gbára lé ló ń ṣíwájú.

Mo wá pe GetMessageClass, tó ń ṣe class message láti inú descriptor, mo kọ 1500 sínú iye, field kan nínú message náà, mo fi SerializeToString dì í sí báìtì, mo tún un kà. 1500 náà ló jáde. Inú mi dùn gan-an.