Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ilé

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ mi fi ṣe ọjọ́ ìbí láìsí mi nílé. Pápá ìṣeré Adamásingbà n'Íbàdàn ni mo máa ń wà, tí mò ń kọ ìròyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars. Ká má tíì sọ ti ìrìn àjò. Ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́dún yìí, kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyá wọn gbé kàlẹ́ńdà sórí tábìlì. Mo fi báírò pupa kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 tí ẹgbẹ́ náà máa gbá sí i. Òun fi búlúù kọ tilé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni àwọ̀ méjèèjì pàdé. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, ó fi ẹlòmíì rọ́pò mi ní mẹ́ta. Ọmọ mi ti fìka tọ́ka sí ọjọ́ ìbí tirẹ̀ títí bébà ibẹ̀ fi dọ̀tí.