Ẹ má tíì fọwọ́ sí i: àṣìṣe tí à ń ṣe bí òbí bá fẹ́ wọ nursing home ní Amẹ́ríkà

Ọdún 11 ni mo fi ṣe CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí mò ń yí àgbàlagbà padà lórí bẹ́ẹ̀dì láàárín òru, kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ọ́fíìsì owó ní nursing home kan, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà, níbí ní Houston ní Texas. Èmi ni ẹ máa ń wá bá nígbà tí bíìlì bá ti ga ju orí lọ. Ẹ á jókòó, ẹ á wẹ̀yìn wò, ẹ á wá rọra sọ ọ́ pé, "Àǹtí, a ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ni." Ẹ ò fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ pé ẹ ti gbé màmá lọ "síbẹ̀ yẹn", ẹ wá ń sanwó ní kọ̀rọ̀ láì bi ẹnì kankan léèrè, títí owó fi tán. Ó ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí kí inú mi lè rọ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí Medicare àti Medicaid jẹ́: Medicare ni ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àgbàlagbà, Medicaid ni èyí tí ìjọba ń ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ti dàgbà lórílẹ̀-èdè yìí, orúkọ méjèèjì á ti sú u.

1. Ẹ má gbọ́kàn lé ọjọ́ 100 ti Medicare. Medicare kì í san owó ibùgbé. Ìtọ́jú tó nílò ọwọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn padà, ló ń sanwó fún. Ọ̀fẹ́ ni 20 ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ 21, aláìsàn á máa dá tirẹ̀ san lójoojúmọ́, dọ́là 209.50 ni ní ọdún 2025. Ọjọ́ 100 yẹn, òpin rẹ̀ ni, ẹnì kankan ò ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Bó bá ti di pé kí wọ́n wẹ̀ fún bàbá, kí wọ́n wọṣọ fún wọn, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ nìkan ló kù, Medicare ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọjọ́ 30 ni ẹ ṣì wà.

2. Ẹ béèrè ní ọsibítù bóyá wọ́n gba bàbá wọlé lóòótọ́. Èèyàn lè sun òru mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kó jẹ́ pé observation, ìyẹn pé wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ wò ni, ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 3 gẹ́gẹ́ bí inpatient, ẹni tí wọ́n gbà wọlé, ni Medicare ń fẹ́ kó tó sanwó nursing home, ọjọ́ tó kúrò ní ọsibítù ò sì sí lára rẹ̀. Bí observation bá ti ju wákàtí 24 lọ, ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, MOON ni wọ́n ń pè é. Ẹ kà á. Ẹ má kàn ká a sínú báàgì pẹ̀lú ìwé oúnjẹ àti ìwé ibi ìgbọ́kọ̀sí.

3. Ìwé onídùúró. Èyí kàn mí gan-an, mi ò sì lè purọ́ fún yín. Nígbà tí ó kan ìyá tó bí mi, nursing home mìíràn ni mo gbé wọn lọ. Wọ́n gbé ìwé tó nípọn bíi Bíbélì síwájú mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ nàka sí ibi tí wọ́n kọ "responsible party" (ẹni tí bíìlì wà lọ́rùn rẹ̀) sí, ó ní ṣé èmi ni ọmọ wọn. Ta ni yóò ní òun kọ́ ni ọmọ ìyá òun? Mo fọwọ́ sí i, àyà mi tún wú. Kò pé oṣù mẹ́rin tí agbowó-gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí, orúkọ tèmi ni wọ́n ń pè, kì í ṣe ti màmá. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì ti wà láti 1987 pé nursing home tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹlòmíràn ṣe onídùúró kí wọ́n tó gba aláìsàn. Ohun tí wọ́n lè bèèrè ni pé kí ẹni tí owó aláìsàn wà níkàáwọ́ rẹ̀ fi owó aláìsàn náà san bíìlì. Bí ẹ bá máa fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín pé aṣojú wọn ni yín lábẹ́ power of attorney, ìwé tí òbí fi fún yín láṣẹ láti ṣojú wọn. Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àìmọye èèyàn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

4. Oṣù 60. Ibí yìí ni kí ẹ fún mi láyè.

Medicaid ló ń sanwó fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pẹ́ ní nursing home. Ní Texas, ẹni tó dá wà kò gbọdọ̀ ní ju 2,000 dọ́là lọ, yàtọ̀ sí ilé tó ń gbé àti ọkọ̀ kan àti àwọn nǹkan díẹ̀ mìíràn. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á wo oṣù 60 sẹ́yìn láti mọ̀ bóyá ó ti fi owó tàbí ilé ta ẹnì kan lọ́rẹ. Àwa tí à ń ránṣẹ́ owó sílé ńkọ́? Owó òrùlé ní Ìbàdàn, owó ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ní Òṣogbo, owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ: lójú wọn, ọrẹ ni gbogbo rẹ̀, àyàfi bí ẹ bá rí ìwé fi hàn pé nǹkan mìíràn ni.

Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé àwọn ló ń gba àjọ. Èèyàn 12, dọ́là 250 lóṣù. Zelle, tí wọ́n fi ń ti orí fóònù fowó ránṣẹ́, ni wọ́n fi ń san án sí àkáǹtì màmá. Ọjọ́ kejì, màmá á yọ 3,000 ní kéèṣì, ó di ọwọ́ ẹni tó kàn. Gbogbo oṣù, fún ọdún mẹ́rin. Ẹ wá fojú inú wo òṣìṣẹ́ Medicaid tó rí i lórí ìwé bánkì pé màmá ẹni ọdún 81 ń gba 3,000 wọlé lóṣooṣù, ó sì ń dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ wọn ní kí n jẹ́ ká sọ pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni. Mo ní, ọjọ́ ìbí lóṣooṣù?

Jótà tí màmá fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló yọ wá, a bá a nínú àpótí, gèlè ni wọ́n fi wé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ inú rẹ̀: Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ìbejì aláta, Sìsí Dallas, Màmá Ọmọ Dókítà. Òṣìṣẹ́ Medicaid ń béèrè orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ ọkọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Ẹni méjì ti padà sí Nàìjíríà. Ìyá Ìbejì ti kú. Ẹnì kan sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní fọwọ́ sí lẹ́tà kankan, torí ọkọ òun ò mọ̀ pé òun ń dá àjọ! Oṣù márùn-ún gbáko la fi wá ìwé, bíìlì ń lọ, ọmọ náà ń fi káàdì san díẹ̀díẹ̀ kí ojú má baà tì í lọ́dọ̀ wa. Àwa tí ojú ń tì í lọ́dọ̀ wa náà là ń bá a wá ìwé.

Ẹ má jẹ́ kí owó àjọ gba inú àkáǹtì àgbàlagbà kọjá. Bó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ lọ wá jótà yẹn lónìí, nígbà tí màmá ṣì lè sọ fún yín ẹni tí Sìsí Dallas jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé náà wà ńbẹ̀. Bàbá ti wọ nursing home, àwọn ọmọ wá sáré yí ilé sí orúkọ Dàmọ́lá. Ìjìyà rẹ̀, ìyẹn àkókò tí Medicaid ò ní sanwó nítorí ọrẹ náà, kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yí ilé náà. Ọjọ́ tí bàbá ti wà nínú nursing home, tí owó ọwọ́ wọn ti tán, tí wọ́n sì ti bèèrè Medicaid, ni wọ́n ti ń ka á. Ìyẹn ni pé ìgbà tí kò sí kọ́bọ̀ nílẹ̀ gan-an ni Medicaid á kọ̀. Èyí tó ń dùn mí ni pé ọ̀nà wà nínú òfin: ọmọ tó bá bá òbí gbé nínú ilé náà fún ọdún 2 ó kéré tán kí òbí tó lọ, tó sì jẹ́ pé ìtọ́jú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè lọ, wọ́n lè yí ilé sí orúkọ rẹ̀ láìsí ìjìyà. Ọmọ yẹn sábà máa ń wà, òun náà ni kì í lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni mo wí o, kì í ṣe èyí tó bá yín ṣe green card. Ẹ sì rántí pé láti 2005 ni Texas ti ń béèrè owó tí Medicaid ná padà lára ogún lẹ́yìn ikú.

Ilé tó wà ní Nàìjíríà, ẹ má fi pamọ́ fún Medicaid.

  

5. Òbí tó wá bá yín tọ́mọ, tí ẹ wá ṣe green card fún. Ó kéré tán, ọdún 5 ni wọ́n fi máa ń dúró kí Medicaid tó lè gbà wọ́n, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì tún ń wo iye ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbí. Kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fà wọ́n wá, kì í ṣe lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ bá ti dé.

Ẹ tún ń sanwó fún ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bọ̀dá kan gba 1,500 dọ́là lọ́wọ́ ìdílé kan torí ó ní òun "mọ èèyàn ní Medicaid". Fọ́ọ̀mù ló bá wọn kọ. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù. Ẹ tẹ 211, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ní Texas, ọ̀fẹ́ ni. HICAP, àwọn olùdámọ̀ràn, á jókòó ti yín lórí Medicare, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Area Agency on Aging, ọ́fíìsì tó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́, wà káàkiri Amẹ́ríkà, ti Harris County tí Houston wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera ìlú Houston: ẹni tó bá ti pé 60 lè rí oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá sílé, ẹni tó ń tọ́jú òbí náà sì lè rí ẹni dúró fún un kó lè sùn. Bí ẹ kò bá sí ní Texas, ẹ pe Eldercare Locator, 1-800-677-1116, wọ́n á darí yín sí ti àdúgbò yín. Ombudsman, alágbàwí àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wà fún ẹ̀sùn inú nursing home; ṣàṣà ni ọmọ Yorùbá tí mo rí tó pè wọ́n rí. Ẹ sì fi orúkọ òbí sílẹ̀ ní kíá fún STAR+PLUS, ètò Medicaid ti Texas tó ń sanwó ìtọ́jú nínú ilé, torí ìlà rẹ̀ gùn, ọmọ tó ti dàgbà náà sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sanwó iṣẹ́ náà fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan pè mí láti inú ọkọ̀ rẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo ka nọ́ńbà Eldercare Locator yẹn fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, tí mo bá pè wọ́n, ṣé wọn ò ní béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa?"