Bí Ẹ Ṣe Lè Múra fún Yíya Àwòrán Ọyàn, àti Ohun Tí Ẹ Óò Béèrè Bí Wọ́n Bá Fẹ́ Fi Ṣe Ìwádìí

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ya àwòrán ọyàn, ẹ kọ́kọ́ wo irú àwòrán tó kọ sínú ìwé yín. Ìtànṣán X-ray ni wọ́n fi ń ya mámógíráàmù. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni wọ́n fi ń ṣe síkáànì, kò sì ní ìtànṣán kankan nínú. Síkáànì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe fún obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, nítorí pé ọyàn ọ̀dọ́ máa ń ki, èyí tó ki a sì máa funfun nínú mámógíráàmù gẹ́gẹ́ bí kókó jẹjẹrẹ ṣe ń funfun, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan fi lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Síkáànì tún lè fi hàn bóyá omi ló wà nínú kókó náà.

Kí ẹ tó gbéra láti Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé wá sí Àdó-Èkìtì, tàbí kí ẹ tó forí lé ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ẹ pe ẹ̀ka tó ń ya àwòrán, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bóyá iná wà, iye owó rẹ̀ àti ọjọ́ tí èsì yóò jáde. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣòfò. Bí ẹ bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dára jù, nítorí pé ọyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni nígbà náà. Kò sí ààwẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ iyán yín kí ẹ tó jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi pàúdà, ìpara tàbí róólọ́ọ̀nù sí abíyá àti ọyàn lọ́jọ́ mámógíráàmù. Alumíníọ́mù inú róólọ́ọ̀nù a máa hàn nínú àwòrán bí iyọ̀ tí a wọ́n kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ègé kálísíọ́mù wínníwínní tí ó lè jẹ́ àmì ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ ṣe ń hàn gan-an. Ẹ wọ ìró àti bùbá, kí ó lè rọrùn láti bọ́ apá òkè nìkan. Òṣìṣẹ́ yóò gbé ọyàn lé orí pẹpẹ, yóò sì fi pẹpẹ èkejì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ẹ óò di èémí mú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà máa ń ya ọyàn kọ̀ọ̀kan. Títẹ̀ yẹn ń dín ìtànṣán kù, ó sì ń tẹ́ ẹran ọyàn sílẹ̀. Bí ó bá dùn yín jù, ẹ sọ.

Nínú èsì, ẹ óò rí nọ́ḿbà láti 0 sí 6. Oódo kì í ṣe àrùn; ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì nílò àwòrán mìíràn. 1 àti 2 kò ní ìfura. 3 máa ń sábà béèrè pé kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. 4 àti 5 ń béèrè pé kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ibẹ̀ nìkan ni a ti lè fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ba kókó, ẹ má fi èsì tó dára nìkan jókòó sílé. Ẹ gba àwòrán fúnra rẹ̀ sórí síídì, kì í ṣe ìwé èsì nìkan, torí pé dókítà ọdún tó ń bọ̀ yóò fi wé tuntun.

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ìwádìí MASAI tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tí obìnrin tó lé ní 100,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ àwòrán kọ́ láti máa ka mámógíráàmù lè dín iṣẹ́ àwọn tó ń ka mámógíráàmù kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, láìdín iye jẹjẹrẹ tí wọ́n rí kù. Kọ̀ǹpútà tí wọn kò fi àwòrán àwọn obìnrin wa kọ́ lè ṣi ọyàn wa kà, ìdí nìyẹn tí olùwádìí lè fi bẹ̀ yín fún àwòrán yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì béèrè bóyá wọn yóò yọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ḿbà ilé-ìwòsàn yín kúrò nínú fáìlì, nítorí ó máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ kódà bí kò bá hàn lójú àwòrán. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, ìtọ́jú yín kò sì gbọdọ̀ yí padà nítorí rẹ̀. Èyí tó kù kí ẹ béèrè ni pé bí olùwádìí bá rí nǹkan tí dókítà kò rí, ta ni yóò pè yín, lórí fóònù wo?