Bí mo ṣe mú kí àwòrán oòrùn hàn kedere fún èrò ní Kétu

Nígbà tí mo fi awò awọ̀nàjíjìn kékeré mi gbé àwòrán oòrùn sórí bébà funfun fún àwọn ará àdúgbò, ńṣe ni ó ń ṣe bàìbàì, ẹnikẹ́ni kò sì rí àmì dúdú ara rẹ̀. Mo fi agboòrùn ṣíji bo bébà, kò tó. Ooru tilẹ̀ yọ́ ojú-awò oníke mi, ìyẹn awò kékeré ìdí rẹ̀ tí a máa ń gbé ojú sí.

Páálí tòmátì tí ìyá ọlọ́jà kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó yanjú rẹ̀. Mo kun inú rẹ̀ ní dúdú, mo lẹ bébà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́, mo sì ki ojú-awò onídígí bọ òkè rẹ̀, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí bébà. Nítorí ooru, mo fi ègé páálí mìíràn dín ẹnu awò tó kọjú sí oòrùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 5. Oòrùn wá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, àmì dúdú mẹ́ta sì hàn. Awò tiyín lè gba ìwọ̀n mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wo oòrùn láti inú awò náà.